Etíkun Tí Mo Ní Mo Ti Dé

Alihamudulilahi. Ẹ bá mi dúpẹ́, ẹ̀yin èèyàn mi. Ẹni ọdún mẹ́rìndínlọ́gbọ̀n ni mí nígbà tí Ọlọ́run gbà mí lọ́wọ́ ẹnu ara mi, níbí ní Sókótó, kí òmìnira tó dé. Ojú ń tì mí bí mo ti ń sọ ọ́ yìí, ṣùgbọ́n ìtìjú kò tó ìdí láti fi ọpẹ́ pamọ́. Ẹ jẹ́ kí n tò ó bó ṣe ṣẹlẹ̀.

Tíṣà alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ ni mí. Ọkùnrin ará Gíríìsì kan wà nílùú nígbà náà tó ń ra awọ ewúrẹ́ ránṣẹ́ sókè òkun, èmi ni mo sì máa ń ṣe ògbufọ̀ fún un. Ó fún mi ní káàdì kan tí àwòrán etíkun ìlú rẹ̀ wà lára rẹ̀. Erékùṣù ni. Iyanrìn ibẹ̀ funfun, àwọn èèyàn sì nà gbalaja sórí rẹ̀ bí ìgbà tí a sá èlùbọ́. Ó ní láti ọ̀nà jíjìn ni wọ́n ti ń wá síbẹ̀, pé wọn kì í ṣe ohun méjì ju kí wọ́n lúwẹ̀ẹ́ kí wọ́n sì yá oòrùn.

Mo mú káàdì náà lọ sí kíláàsì. Ọmọ kan béèrè pé, "Tíṣà, ṣé ẹ ti débẹ̀ rí?"

Rárá ló yẹ kí n sọ. N kò rí òkun rí. Yàtọ̀ sí odò Ọya tí mo rí láti ojú fèrèsé reluwé nígbà tí mò ń ti ilẹ̀ Yorùbá bọ̀, odò Sókótó ni omi tó tóbi jù tí mo mọ̀. Ṣùgbọ́n mo ṣẹ̀ṣẹ̀ ti Zaria dé, níbi tí mo ti lo ọdún kan lẹ́nu ẹ̀kọ́, kò sì sẹ́ni tó lè já mi nírọ́. Mo ní, "Mo ti débẹ̀. Iyanrìn ibẹ̀ gbóná débi pé ńṣe ni mò ń fò." Iyanrìn odò wa nígbà ẹ̀ẹ̀rùn ni mo ń ṣàpèjúwe.

Kí ọ̀sẹ̀ tó parí, ọ̀rọ̀ ti dé ọjà Kasuwar Kara, níbi tí àwa Yorùbá ti ń tajà. Ẹnìkan á kí mi pé, "Sannu, Tíṣà Gíríìsì, ṣé lóòótọ́ ni pé àwọn àgbààgbà ibẹ̀ kì í wọṣọ?" Olóbì kan á ní, "Ẹ fi í sílẹ̀ o. Bó bá sọ gbogbo ohun tó rí, ta ni yóò fọmọ fún un?" Èmi náà á máa rẹ́rìn-ín. Ó dùn mọ́ mi.

Lọ́jọ́ kan, Ìyá Sàlámì tó ń ta òrí dá mi dúró. Ọmọ rẹ̀ kan ṣoṣo, Sàlámì, ń ṣiṣẹ́ nínú ọkọ̀ ojú omi. Ìròyìn tí wọ́n gbọ́ kẹ́yìn ni pé ọkọ̀ náà gúnlẹ̀ sí erékùṣù kan nílẹ̀ Gíríìsì. Ó ti ń lọ sí ọdún mẹ́rin, wọn kò gbúròó rẹ̀ mọ́. Rábíátù ìyàwó rẹ̀ ṣì ń gbé lọ́dọ̀ ìyá náà ní àdúgbò Minanata.

"Tíṣà, ọmọ mi, létí omi yẹn, ṣé o kò rí èèyàn dúdú kankan? Àbàjà ló kọ."

Èèyàn pọ̀ níbẹ̀. Mo ní, "Ìyá, mo rí ọkùnrin kan tó kọ àbàjà. A kí ara wa ni, kò jù bẹ́ẹ̀ lọ."

Ìyá àgbà yẹn kúnlẹ̀ fún mi nínú eruku.

Oṣù mẹ́ta lẹ́yìn rẹ̀, bàbá Rábíátù gbé ọ̀rọ̀ lọ bá alíkálì, adájọ́ ẹ̀sìn. Òfin wa ni pé bí ọkọ bá sọnù tí ọdún mẹ́rin sì pé, adájọ́ lè tú ìyàwó rẹ̀ sílẹ̀. Ìyá Sàlámì kọ̀. Ó ní tíṣà rí ọmọ òun. Alíkálì ní kí n wá fi Àlùkùránì búra sí i.

Kí ọjọ́ náà tó pé, Rábíátù wá bá mi nílé ẹ̀kọ́. Ilẹ̀ ló ń wò. "Tíṣà, bó bá jẹ́ òótọ́ lẹ rí i, màá dúró dè é títí màá fi hewú. Bí kì í bá ṣe òótọ́, ẹ jọ̀ọ́, ẹ má so mí mọ́ òkú." Mo ní kó máa lọ, pé agogo ti lù. Agogo kò tíì lù.

Ní kóòtù, alíkálì bi mí pé, "Malam, ka gan shi da idonka?" Ṣé ojú mi ni mo fi rí i? Wọ́n gbé Àlùkùránì síwájú mi. Mo na ọwọ́, ọwọ́ dúró lágbede méjì. Mo dúpẹ́ fún ọwọ́ tí kò lọ. Mo tún dúpẹ́. Mo ní, "N kò rí i. N kò dé etíkun kankan rí. Káàdì ni mo rí."

Ẹnìkan rẹ́rìn-ín lẹ́yìn mi. Alíkálì kò rẹ́rìn-ín. "O parọ́ fún ọmọdé, kò dára. O fẹ́ fi irọ́ náà jẹ ìgbà èwe obìnrin yìí, ìyẹn ló burú jù. Ṣùgbọ́n o kò búra. Lọ jókòó." Lọ́jọ́ náà gan-an ló tú Rábíátù sílẹ̀.

Mo dọ̀bálẹ̀ fún Ìyá Sàlámì níta. Ó ní, "Dìde. Oṣù mẹ́ta ni mo fi sùn dáadáa nítorí rẹ. Oorun irọ́ ni, ṣùgbọ́n mo sùn ún. Má bẹ̀ mí lónìí."

Lọ́jọ́ kejì mo jẹ́wọ́ fún àwọn ọmọ kíláàsì mi. Ọ̀kan ní, "Tíṣà, iyanrìn ibẹ̀ kò wá gbóná ni?" Mo ní n kò mọ̀.

Ó pé ọdún kan kí Ìyá Sàlámì tó ránṣẹ́ pè mí. Ó fẹ́ kọ̀wé sí àwọn tó ni ọkọ̀ tí ọmọ rẹ̀ wọ̀. Àwọn akọ̀wé pọ̀ nílùú, ṣùgbọ́n èmi ló pè. Ó ní, "Ohun tí mo bá sọ ni kí o kọ. Má fi kún un." Mo kọ ọ́ bẹ́ẹ̀, mo kà á fún un lẹ́ẹ̀mejì, ó sì tẹ ìka rẹ̀ sí i. Èsì kò dé títí ó fi kú.

Ìwọ tí irọ́ kékeré kan ti há sí ibi tó le, ilẹ̀kùn ṣì ṣí. Ìtìjú wà lẹ́nu rẹ̀, ṣùgbọ́n gba ibẹ̀ jáde. Ọlọ́run tó dì mí lọ́wọ́ mú kò ní jẹ́ kó o ṣubú. Mo bẹ̀ yín, ẹ fi tèmi kọ́gbọ́n: bí ọmọdé bá bi yín ní ohun tí ẹ kò mọ̀, ẹ sọ fún un pé ẹ kò mọ̀.