Tẹ̀ Ẹ́, Fi Í Lẹ̀

Alága wa, Kaija Lahti, ẹ kú ìjókòó. Ẹ̀yin àgbà tó la yìnyín ìlú Duluth wa yìí kọjá wá bá mi mu kọfí, ẹ kú àfaradà. Ẹ̀yin tí mo kọ́ ní mọ́tò, títí kan ẹ̀yin tó lu òpó iná lọ́jọ́ àkọ́kọ́, mo rí yín o, ẹ má fara pamọ́! Ẹ̀yin èèyàn mi, ọdún mọ́kànlélọ́gbọ̀n ni èmi Orrin fi jókòó lọ́wọ́ ọ̀tún nínú mọ́tò ilé-ẹ̀kọ́ ìwakọ̀ wa, tí ẹsẹ̀ mi ò kúrò lórí bíréèkì kejì tó wà níbẹ̀.

Inú mi dùn lónìí tí mò ń fẹ̀yìn tì. Ẹ̀yin olùkọ́ ẹlẹgbẹ́ mi, ta ló máa ń fa mọ́tò mi jáde nínú yìnyín láìfi mí ṣe yẹ̀yẹ́? Ó dáa, ẹ fi mí ṣe yẹ̀yẹ́, ṣùgbọ́n ẹ fà mí jáde.

Kí lẹ mọ̀ mọ́ mi? "Bí ilẹ̀ bá ń yọ̀, tẹ̀ ẹ́, fi í lẹ̀, tẹ̀ ẹ́, fi í lẹ̀!" Bàbá mi ló kọ́ mi láti máa tẹ bíréèkì báyẹn, òótọ́ sì ni nínú mọ́tò àtijọ́ tiẹ̀. Àmọ́ nígbà tí mọ́tò tí bíréèkì rẹ̀ ń ṣe iṣẹ́ yẹn fúnra rẹ̀ dé, mi ò yí ohùn padà. Ọmọbìnrin kan bi mí pé, "Ọ̀gá, ta ló wọ̀n ọ́n wò?" Mo ní, "Ẹnu ẹ ti pọ̀ jù. Wa mọ́tò, jàre." Alága wa yìí ni o! Lọ́jọ́ Sátidé, ó gbé téèpù ìwọ̀n wá sí pápá tó ti di yìnyín. Èmi tẹ̀ ẹ́, mo fi í lẹ̀. Òun tẹ̀ ẹ́ mọ́lẹ̀, kò gbẹ́sẹ̀. Òun ló tètè dúró; ibi tó dúró sí àti ibi tí mo dúró sí, mọ́tò méjì á wọ àárín wọn. A ṣe é lẹ́ẹ̀mẹ́wàá, ẹ̀ẹ̀mẹ́wẹ̀ẹ̀wá ló nà mí.

Ṣé mo gbà? Rárá o. Ojú ń tì mí. Lóṣù yẹn gan-an ni ìyàwó mi, Verna, ń wa mọ́tò sọ̀ kalẹ̀ láti orí òkè tí yìnyín bò, ó sì lọ forí mọ́tò sọ ògiri. Ọrùn ọwọ́ rẹ̀ kán. Ó sọ fún mi lórí bẹ́ẹ̀dì ọsibítù pé, "Mo tẹ̀ ẹ́ bó o ṣe ní kí n tẹ̀ ẹ́." Mo ní, "O ò tẹ̀ ẹ́ dáadáa ni." Mo sì mọ̀ pé ó tẹ̀ ẹ́ dáadáa! Lọ́jọ́ kejì ni mo yí ẹ̀kọ́ mi padà fún gbogbo yín, mi ò sọ ìdí rẹ̀ fún un. Ọdún mẹ́rìnlá rèé, Verna ò wakọ̀ lórí yìnyín mọ́. Ó gbà pé òun ò mọ̀ ọ́n wà.

Verna, ìwọ tó o jókòó sídìí kéèkì yẹn, gbọ́ mi lójú gbogbo èèyàn. Kò sí àṣìṣe lọ́wọ́ ẹ. Ohun tí kò dáa ni mo kọ́ ẹ, mo tún wá di ẹ̀bi rù ẹ́. Jọ̀ọ́, dárí jì mí. Kọ́kọ́rọ́ mọ́tò rèé.

Ẹ gbọ́ ohun tó wí? Ó ní, "Orrin, ọdún mẹ́rìnlá! Gbé e wá. Tó o bá tẹsẹ̀ mọ́lẹ̀ lẹ́ẹ̀kan péré lẹ́gbẹ̀ẹ́ mi bí ẹni pé bíréèkì wà níbẹ̀, wàá fẹsẹ̀ rìn délé."

Kaija, Ọlọ́run á jẹ́ kí ilé-ẹ̀kọ́ yìí gbèrú lọ́wọ́ yín, ẹ ò sì ní ṣàìrí ẹni tó máa bi yín pé ta ló wọ̀n ọ́n wò. Gbogbo wa la máa délé láìfarapa. Ẹ ṣé o. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ yàgò lẹ́nu ọ̀nà, ìyàwó mi ló ń wà wá lọ.