Hòtẹ́ẹ̀lì Tí Obìnrin Náà Yàn

Ẹ fi ilẹ̀kùn yẹn sílẹ̀ gbayawu, kí àwọn tó wà lórí àtẹ̀gùn lè gbọ́. Ẹ̀yin ará àdúgbò mi, ẹ ṣé tí ẹ wá. Mo mọ̀ pé àwọn kan nínú yín rò pé ogún ni mo fẹ́ pín. Kì í ṣe ogún. Ọ̀rọ̀ kan ti há mi lọ́fun láti ìgbà tí irun orí mi ṣì dúdú, mo sì ti wá rí i pé bí mo bá gbé e wọ ilẹ̀ lọ, yóò pa ẹlòmíràn. Èmi Anselmo Busetto, tí ẹ̀ ń pè ní Bàbá Oníwàtútù, apànìyàn ni mí. Ẹ jẹ́ kí n sọ ọ́ tán kí ẹ tó pariwo. Fádà, ẹ má wò mí bẹ́ẹ̀. Ọdọọdún ni mò ń kúnlẹ̀ níwájú yín, tí mò ń jẹ́wọ́ ìbínú àti irọ́ kéékèèké, tí mo sì ń fi ẹnu yìí kan náà gba Ara Olúwa. Èyí kò jáde rí.

Gbogbo yín mọ ilé méjì tó dojú kọra létí omi wa ní Fẹ́nísì yìí. Ilé bàbá wa ni. Nígbà tí a pín in, apá tí oòrùn ń ràn sí bọ́ sọ́wọ́ Tullio àbúrò mi, apá tí ògiri rẹ̀ máa ń rin, tó sì ń hu láti ìbẹ̀rẹ̀ òtútù títí di Àjíǹde ló kàn mí. Kò sẹ́ni tó rẹ́ mi jẹ. Gègé la ṣẹ́. Àwa méjèèjì sọ ilé wa di hòtẹ́ẹ̀lì. Ẹ ò lè mọ ohun tí ojú mi rí. Àlejò á gun orí afárá tó wà láàárín wa, á sọ ẹrù rẹ̀ kalẹ̀, á wo ọ̀tún, á wo òsì. Èmi á ti wà lójú fèrèsé, màá ti máa rẹ́rìn-ín bí ọkọ ìyàwó. Àlejò á gbé ẹrù rẹ̀, á yà sọ́dọ̀ Tullio. Ojoojúmọ́ ni wọ́n ń gbé wa wọn síra lójú mi, ojoojúmọ́ ni wọ́n sì ń yan òun. Tullio á tún juwọ́ sí mi láti òdìkejì pé kí n wá bá òun mu wáìnì, kò sì sí ẹ̀gàn kankan nínú ohùn rẹ̀. Ìyẹn gan-an ló ń dùn mí jù. Ká ní ó ń fi mí ṣẹ̀sín ni, ǹ bá rí ìdí gidi tí mo fi kórìíra rẹ̀.

Ọjọ́ àjọ̀dún Ìyá Ìlera ni, ọjọ́ tí gbogbo wa ń lọ tan àbẹ́là, tí ilé gbogbo ń ta sánsán ọbẹ̀ àgùntàn àti kábéèjì. Kùrukùru bolẹ̀ débi pé èèyàn ò rí ọwọ́ ara rẹ̀. Wọ́n so gbogbo ọkọ̀ ojú omi mọ́lẹ̀. Ní ọwọ́ ìrọ̀lẹ́, obìnrin kan kan ilẹ̀kùn mi. Ottavia lorúkọ rẹ̀, opó ni, láti Bergamo, lọ́hùn-ún lórí òkè, níbi tí ọ̀nà kì í ti parí sínú omi. Ó ní Tullio ṣèlérí láti wá pàdé òun ní ibùdó ọkọ̀ ojú irin, pé òun dúró títí òtútù fi wọ òun léegun, òun kò rí i. Ó tẹ̀ lé àwọn èèyàn, wọ́n pòórá mọ́ ọn lójú, iná àtùpà mi ló wá rí. Ó béèrè bóyá ọ̀dọ̀ Tullio nìyí.

Ó yẹ kí n dì í lọ́wọ́ mú, kí n mú un kọjá afárá. Kò jù bẹ́ẹ̀ lọ. Dípò ìyẹn, mo ní kó wọlé wá yáná. Mo sọ fún un pé hòtẹ́ẹ̀lì ni tèmi náà, pé yàrá tó dojú kọ omi ṣófo, pé iye tó bá wù ú ni kó san. Torí pé ọmọlúàbí ni, ó bá mi gòkè. Ó wo ògiri. Ó wá fi àtẹ́lẹwọ́ kan ibùsùn, ó sì fi í síbẹ̀ díẹ̀, bí ẹni tó ń wò ó bóyá ara ọmọ gbóná.

"Ọ̀gá, ẹ má bínú," ó ní, "aṣọ ibùsùn yìí rin. Àyà ló ń dà mí láàmú, dókítà sì ti ní kí n sá fún ọ̀rinrin. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ júwe ọ̀dọ̀ Ọ̀gbẹ́ni Tullio fún mi."

Ohùn jẹ́jẹ́ ló fi sọ ọ́. Ṣùgbọ́n ẹ wò ó: nínú kùrukùru tí kò jẹ́ kó rí ilé Tullio rárá, Tullio náà ló tún yàn. Inú mi ru. Ìlara ni, mi ò ní fún un lórúkọ mìíràn.

Ẹ mọ bí àwa ará Fẹ́nísì ṣe ń júwe ọ̀nà. Ẹni yòówù tó bá bi wá, "Máa lọ tààrà" la máa ń sọ, bẹ́ẹ̀ kò sí ọ̀nà kan tó tọ́ níbí. Ọmọ ilẹ̀ mọ̀ pé ohun tí à ń wí ni pé kí ó máa tẹ̀ lé ọ̀nà bó ṣe ń yí. Àlejò kò mọ̀. Láti ẹnu ọ̀nà mi, ọ̀nà tó gba abẹ́ ilé Gigia kọjá lèèyàn á gbà, á yà sọ́tùn-ún kó tó kan afárá. Bí o kò bá yà, iwájú lo máa lọ títí wàá fi kan àtẹ̀gùn òkúta tó sọ̀kalẹ̀ sínú omi, tí Nane ń so ọkọ̀ ewébẹ̀ rẹ̀ mọ́. Kò sí irin ìdìmú níbẹ̀. Ewédò tó ń yọ̀ ló bo gbogbo rẹ̀. Mo ṣílẹ̀kùn fún obìnrin náà, mo ní, "Ẹ máa lọ tààrà, mà." Àṣà ẹnu wa ló sọ ìyẹn, mo lè rojọ́ rẹ̀ níwájú Ọlọ́run. Ṣùgbọ́n èyí tó kù, pé bí ẹ bá dé abẹ́ ilé ẹ yà sọ́tùn-ún, ó ti wà lórí ahọ́n mi. Mo gbé e mì.

Mo dúró sẹ́nu ọ̀nà, mò ń gbọ́ bàtà rẹ̀, kó, kó, kó, lórí òkúta. Ó dé abẹ́ ilé Gigia, ó kọjá rẹ̀. Ó tún lọ síwájú díẹ̀. Lẹ́yìn náà ó dúró. Bóyá òórùn omi ló gbọ́, bóyá ẹsẹ̀ rẹ̀ ló kìlọ̀ fún un. Ohùn rẹ̀ ti inú kùrukùru jáde wá bá mi.

"Ọ̀gá, ṣé tààrà náà ni?"

Ẹ̀yin èèyàn mi, ibẹ̀ ni mo ti kú, ẹ kàn ṣẹ̀ṣẹ̀ fẹ́ wá sin mí ni. Ọlọ́run dá obìnrin yẹn dúró fún mi. Ó fún mi láyè lẹ́ẹ̀kejì láti sọ ohun tí mo gbé mì. Mo la ẹnu mi, ohùn mi sì tutù bíi ti èèyàn gidi.

"Tààrà náà ni, mà. Ẹ ti fẹ́rẹ̀ẹ́ débẹ̀."

Kò pariwo. Ohun tí mo gbọ́ kéré, bí ìgbà tí èèyàn ti korobá bọ omi. Lẹ́yìn rẹ̀ mo gbọ́ ọwọ́ tó ń ra òkúta, tó ń wá ibi tí yóò dì mú, tí kò rí. Okùn wà lórí ìṣó lẹ́yìn ilẹ̀kùn mi. Mo ti ilẹ̀kùn náà, mo padà sídìí ọbẹ̀ mi, mo sì jẹun. Mo tún fi búrẹ́dì nu àwo.

Nane ló rí i láàárọ̀. Omi ti gbé e sọdá, ó tẹ́ ẹ sẹ́nu ilẹ̀kùn tí Tullio fi ń gba ẹrù láti inú ọkọ̀, àpótí aṣọ rẹ̀ ṣì wà lọ́wọ́ rẹ̀. Ó dé hòtẹ́ẹ̀lì tó yàn.

Àbúrò mi lọ pàdé rẹ̀ lóòótọ́. Kò rí ọkọ̀ wọ̀, ó fẹsẹ̀ rìn, wọ́n sì kọjá ara wọn nínú kùrukùru. Ó sọ ọ́ títí, ẹ ò gbà. Gigia, má sunkún, ṣùgbọ́n o rántí. O dúró lórí afárá, o ní, "Tullio, ṣé bí wọ́n ṣe ń ṣe àlejò nílé yín nìyẹn? O gbé opó jù sómi, o wá jókòó ti wáìnì." Ẹ̀gbẹ́ rẹ ni mo wà, Gigia, mo sì ń mi orí bí ẹni tí ọ̀rọ̀ náà dùn. Ìròyìn náà ń dé etí àlejò kí wọ́n tó sọ̀kalẹ̀ nínú ọkọ̀ ojú irin. Tullio ti ilé rẹ̀ pa. Ọtí tó ń fi pe èèyàn jẹ tẹ́lẹ̀, òun nìkan ló wá ń mu ún, ó sì pa á. Lórí ibùsùn ikú rẹ̀, ó di ọwọ́ mi mú.

"Ẹ̀gbọ́n, ẹ bá mi sọ fún Noemi pé mo lọ pàdé opó yẹn. Ẹ má jẹ́ kí ọmọ mi rò pé mi ò lọ."

Mo ní mo gbọ́. Mi ò sọ ọ́ fún un. Mo mú Noemi sọ́dọ̀, ẹ sì yìn mí pé mo ṣe bẹ́ẹ̀. Láti ìgbà náà, gbogbo àlejò tó bá gun orí afárá, ilé kan ṣoṣo ló kù tí wọ́n lè yàn.

Ẹ ti ń yìn mí fún ohun mìíràn pẹ̀lú. Ẹ ní Bàbá Oníwàtútù kì í júwe ọ̀nà fún àlejò, pé nínú òjò nínú yìnyín, ṣe ló máa ń dìde mú wọn dé ibi tí wọ́n ń lọ. Ẹ̀rù ni, kì í ṣe inú rere. Ẹnu mi ò lè pe ọ̀rọ̀ tààrà yẹn mọ́. Torí pé nígbàkígbà tí kùrukùru bá bolẹ̀, mo máa ń gbọ́ bàtà náà. Ó máa ń ti ẹ̀gbẹ́ omi bọ̀, á dúró lábẹ́ fèrèsé mi, á béèrè ìbéèrè rẹ̀. Mo kọ́kọ́ rò pé orí mi ló ń dàrú. Àmọ́ ọkùnrin kan tó sùn ní yàrá iwájú, èyí tó dojú kọ omi, wá bá mi nídìí káńtà láàárọ̀, ó bi mí pé obìnrin wo ló ń wá ọ̀nà lábẹ́ fèrèsé. Ó ní òun dá a lóhùn pé àlejò lòun náà, kó wọlé kó bi onílé.

Ó sì wọlé. Láti ọjọ́ náà, bí kùrukùru bá ti dé, màá rí i pé ilẹ̀kùn ṣí, ilẹ̀ á ti tutù láti ẹnu ọ̀nà dé ìdí àtẹ̀gùn, kọ́kọ́rọ́ yàrá iwájú kò ní sí lórí ìṣó mọ́. Orí ibùsùn ni màá ti rí kọ́kọ́rọ́ náà. Aṣọ ibùsùn á rin gbingbin, ojú kan á sì tẹ̀ wọnú láàárín rẹ̀ bí ibi tí èèyàn sùn sí. Noemi á ká a, á sá a, á máa kùn pé òrùlé ń jò. Mo máa ń bá a kùn. Mo sì mọ̀ pé ẹni tí kò fẹ́ ilé mi nígbà tó wà láàyè ti wá yàn án.

Ìjẹta ni kùrukùru yìí dé. Lórí ìdùbúlẹ̀ àìsàn yìí ni mo wà nígbà tí Noemi yọjú sí mi. "Bàbá, obìnrin kan ń wá ọ̀nà níta," ó ní. "Ẹ jẹ́ kí n sáré mú un dé ibi tó ń lọ." Kí n tó lanu, ó ti jáde. Ta ló kọ́ ọ? Èmi ni. Mo gbọ́ sílípáàsì rẹ̀ tó kọjá abẹ́ ilé Gigia láìyà, mo sì gbọ́ bàtà yẹn níwájú rẹ̀, kó, kó, kó. Mi ò mọ bí mo ṣe dé ojú fèrèsé. Mo fi gbogbo ohun tó kù nínú àyà mi kígbe pé kó dúró, pé omi ni, kó má gbé ẹsẹ̀ mìíràn.

Ó padà wá, etí aṣọ rẹ̀ ń kán tótó, sílípáàsì kan ti lọ. Ó ní obìnrin náà di òun lọ́wọ́ mú, ọwọ́ rẹ̀ tutù, ìgbà tí òun gbọ́ igbe mi ló tó jọ̀wọ́ òun. Ó ní, "Bàbá, ta ni? Báwo lẹ ṣe mọ̀ pé ibẹ̀ ló ń mú mi lọ?" Mo bá sọ gbogbo rẹ̀ fún un.

Kò bú mi. Ó jókòó síbi tó jókòó sí báyìí yẹn. Ó ní, "Gbogbo ìgbà tí mo bá lọ sídìí ibojì bàbá mi, ṣe ni mo máa ń bá a bẹ obìnrin yẹn." Ó nu ojú rẹ̀. "Ẹ sọ ọ́ fún àwọn tó wà lórí afárá lọ́jọ́ yẹn. Ẹ sọ ọ́ kí gbogbo wọn gbọ́. Mi ò tíì mọ ohun tí èmi fúnra mi máa sọ."

Ó dáa, ẹ ti gbọ́. Tullio lọ pàdé rẹ̀. Ẹ bá mi sọ ọ́ lọ́jà ẹja, ẹ sọ ọ́ nínú ọkọ̀, ẹ sọ ọ́ fún àwọn ọmọ yín tí wọn ò mọ̀ ọ́n. Ẹ̀yin ọ̀dọ́ tí ẹ ń ṣiṣẹ́ hòtẹ́ẹ̀lì, ẹ jẹ́ kí àlejò yan ibi tó bá wù ú. Bí ó bá yan ilé ẹlòmíràn, tí inú yín sì ru, ẹ kó ọwọ́ yín sápò, kí ẹ sì júwe ọ̀nà náà délẹ̀délẹ̀. Ibi tí mo ti ṣubú kò ju ìwọ̀n gbólóhùn kan lọ.

Mo bẹ yín, ẹ dárí jì mí. Mo bẹ opó yẹn níbi tó wà, ì báà jẹ́ yàrá iwájú lókè yìí. Àyè tí mo ti rà ní erékùṣù tí a ń sin òkú sí, ẹ̀gbẹ́ Tullio ni. Bí Noemi bá ní kí ẹ má sin mí síbẹ̀, ẹ má bá mi bẹ̀ ẹ́.