Aago Tí Mo Sún Síwájú Nínú Oṣù Ààwẹ̀

Ẹ̀yin èèyàn mi, inú ń bí mi bí mo ṣe ń kọ èyí. Inú ń bí mi sí ọkọ mi, ó sì ń bí mi sí ara mi jù bẹ́ẹ̀ lọ. Ohun tí mo gbé mì láti ọjọ́ yìí wá ti padà dé ọ̀nà ọ̀fun, ọkọ mi ló sì fà á.

Ládàánì ló jẹ́ ní mọ́ṣáláṣí wa ní Ajah. Aago ọwọ́ rẹ̀ ni gbogbo àdúgbò fi ń ṣínu. Èyí tí wọ́n ń fọwọ́ yí láràárọ̀ ni, bí bẹ́ẹ̀ kọ́ á kú. Èmi ni mo ń yí i lẹ́yìn àsùbá. Bó bá fà sẹ́yìn díẹ̀, ọkọ mi á fi aago rédíò tún un ṣe, kò sí ìjà.

Nígbà tó fẹ́ Ràlíátù, ó gba aago lọ́wọ́ mi, ó ní kí ìyàwó máa yí i. Ó ní ọwọ́ mi wúwo, pé ọwọ́ tó ń yan ẹja ló ń jẹ́ kí aago òun máa fà sẹ́yìn. Lójú ìyàwó tuntun ló ti sọ ọ́! Owó ẹja yẹn náà ló fi ra aago ọ̀hún. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ bá mi rò ó.

Ní ọjọ́ kan nínú ààwẹ̀, ó bọ́ aago kọ́ ìṣó kó lè ṣe àlùwàlá ìrun alásàrí. Mo fa orí kékeré ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ jáde, mo sún aago síwájú. Èrò mi ni pé bó bá fi wé rédíò, á bú ìyàwó rẹ̀. Ìyẹn nìkan. Mi ò mọ̀ pé bátìrì rédíò ti kú.

Òjò ṣú lọ́jọ́ náà, kò sẹ́ni tó rí oòrùn. Ọkọ mi wo aago, ó pe ìrun ìṣínu. Mo gbọ́ ohùn rẹ̀, mo mọ̀ pé àkókò ò tíì tó, mi ò sì sọ̀rọ̀. Àwọn èèyàn mu ògì, wọ́n jẹ àkàrà. Kí wọ́n tó nu ẹnu, ojú ọ̀run là, oòrùn yọ síta.

Ariwo sọ. Ìmáàmù ní kí gbogbo wa san ààwẹ̀ ọjọ́ náà padà, wọ́n sì gba ìpè ìrun lọ́wọ́ ọkọ mi. Ràlíátù ni ọkọ mi dojú kọ nílé, ó ní bó ṣe ń yí aago ló bà á jẹ́. Ọmọ náà kúnlẹ̀ níwájú mi, ó ń sunkún: "Ìyáálé mi, ẹ jọ̀ọ́, ẹ bá mi bẹ̀ wọ́n. Bí mo ṣe ń yí i tẹ́lẹ̀ náà ni mo yí i."

Mo ní ọwọ́ ara ẹni la fi ń tún ìwà ara ẹni ṣe. Èmi! Ọkọ mi lé e padà sọ́dọ̀ àwọn èèyàn rẹ̀ ní Awoyaya. Títí dòní, bó bá wá sọ́jà Ajah, "Ṣínu-lọ́sàn-án" ni wọ́n ń pè é.

Lọ́sẹ̀ tó kọjá, ọkọ mi tí àìsàn ti dá gúnlẹ̀ fi aago náà lé mi lọ́wọ́. Ó ní kí n gbé e fún Ràlíátù, kí n sọ fún un pé òun ti dárí jì í. Kí ló fẹ́ dárí ẹ̀ jì í? Díẹ̀ ló kù kí n la aago mọ́lẹ̀. Ọkùnrin yìí ò bi mí rí bóyá èmi ni mo fọwọ́ kàn án. Lójú tiẹ̀, ọwọ́ ẹlẹ́ja ò mọ bí wọ́n ṣe ń sún aago.

Látọjọ́ yẹn, èmi ni mo ń yí i láràárọ̀. Ó ń bá rédíò mu, kò yẹ̀ rárá. Ọwọ́ mi ò wúwo rí.

Ẹ jọ̀ọ́, ẹ gbà mí nímọ̀ràn. Bí mo bá jẹ́wọ́ fún ọkọ mi, ó lè gbabẹ̀ kú. Bí mo bá sì jíṣẹ́ rẹ̀ bó ṣe rán mi, mo tún ba Ràlíátù jẹ́ lẹ́ẹ̀kejì nìyẹn. Ẹ sọ fún mi, ṣé ìyáálé lè kúnlẹ̀ fún ìyàwó? Òun ti kúnlẹ̀ fún mi rí, mi ò sì gbé e dìde.