Ilà Ojú Ìyá Mi Tí Mo Bò

Àwa mẹ́rin la wà ní pálọ̀ mi ní Ìkòsì lọ́jọ́ tí mo ṣe ohun tó ń dẹ́rù bà mí yìí. Èmi wà níbẹ̀. Mọ́rẹ́nikẹ́ àbúrò mi wà níbẹ̀, tí a jọ mu ọmú kan náà. Káyọ̀dé àkọ́bí mi wà níbẹ̀ fúngbà díẹ̀. Bísọ́lá, ọmọ Káyọ̀dé, ló jókòó síwájú wa, ó ń ya àwòrán ìyá tó bí mi. Mọ́rẹ́nikẹ́ ti kú. Èmi nìkan ló kù tó mọ òtítọ́, àfi àwòrán náà fúnra rẹ̀, tó ti fẹ́ sọ ọ́.

Ẹ̀yin tí ẹ ń ka ọ̀rọ̀ mi, ìyá mi kò mọ ìlú tí wọ́n ti bí i. Ó sọnù mọ́ ìyá rẹ̀ lọ́wọ́ lọ́jà nígbà tó wà ní kékeré, àwọn arìnrìn-àjò mú un wá síhìn-ín, ìdílé kan sì gbà á tọ́. Ohun kan ṣoṣo tó mú bọ̀ láti ilé ni àbàjà mẹ́rin-mẹ́rin ní ẹ̀rẹ̀kẹ́ méjèèjì, irú èyí tí wọn kì í kọ lágbègbè wa. Ó máa ń fi ìka tọ́ ọ, á ní, "Ìwé mi rèé. Bí ará ilé mi bá rí i, wọ́n á mọ̀ pé tiwọn ni mí. Ẹ má jẹ́ kó parun."

Ṣùgbọ́n àwọn ẹlẹgbẹ́ mi nílé ìwé ń pè mí ní ọmọ ẹni à-rí-he. Nígbà tí mo délé ọkọ, ìyá mi ti kú, mo sì sọ fún wọn pé ọmọ onílẹ̀ ni. Wọ́n gbà mí gbọ́. Nígbà tó yá, èmi ni wọ́n ń ránṣẹ́ pè láti wá sọ ẹni tó bí ẹni. Káyọ̀dé wá mú ọmọbìnrin kan wálé, olùkọ́ ni ní Kétu, ọmọlúàbí, àmọ́ kò mọ ìlú bàbá rẹ̀. Mo ní ẹni tí kò mọ orísun rẹ̀ kò ní bímọ sínú ilé yìí. Káyọ̀dé bẹ̀ mí, ó sunkún, ó sì gbọ́ tèmi, ó fẹ́ ẹlòmíràn. Ẹnu mi yìí ló sọ bẹ́ẹ̀!

Fọ́tò kan ṣoṣo tí ìyá mi ní, ikán ti jẹ ẹ̀rẹ̀kẹ́ rẹ̀, ìdí nìyẹn tí Bísọ́lá fi ń bi wá léèrè lọ́jọ́ náà bí ojú rẹ̀ ṣe rí. Ohun tó fi ń yàwòrán jọ ṣọ́ọ̀kì olùkọ́, ó ń pè é ní pásítẹ́ẹ̀lì, ó rọ̀, àwọ̀ rẹ̀ sì pọ̀. Bébà rẹ̀ rí háráhárá bí ewé ìpín. Ó ní ara háráhárá yẹn ló ń di ìyẹ̀fun mú. Ìka ló fi ń pa á. Mo rí ojú ìyá mi tó ń bọ̀ díẹ̀díẹ̀, mo gbàgbé ara mi. Káyọ̀dé jáde lọ rọ epo sí jẹnẹrétọ̀. Ìgbà náà ni Mọ́rẹ́nikẹ́ júwe ilà, Bísọ́lá sì fà á, mẹ́rin níhìn-ín, mẹ́rin lọ́hùn-ún, ó fín oògùn inú agolo sí i kí ìyẹ̀fun náà lè lẹ̀ mọ́ bébà.

"Pa á rẹ́," ni mo wí.

"Màmá, Màmá Kékeré ló ní—"

"Ogbó ti ń dà á láàmú. Ìyá aládùúgbò wa ló kọlà."

Mọ́rẹ́nikẹ́ wò mí. "Ogbó ń dà mí láàmú. Ẹ̀yin tí ẹ fi ọdún mẹ́fà jù mí lọ ńkọ́, ẹ̀gbọ́n mi?"

Bísọ́lá ní, "Màmá, oògùn ti tán, bébà yìí sì ti yó. Ohun tí mo bá tún lé e lórí kò ní dúró."

"Lé e."

Ó lé e. Nígbà tí Káyọ̀dé wọlé, ẹ̀rẹ̀kẹ́ ìyá mi ti ń dán bí tọmọ tuntun. Mọ́rẹ́nikẹ́ mú gèlè rẹ̀, ó lọ. Kò bá mi sọ̀rọ̀ ìyá wa mọ́ títí ó fi kú.

A fi gíláàsì bo àwòrán náà, a sì gbé e kọ́ ògiri pálọ̀ mi. Àwọn ọkọ̀ ńlá tó ń kó tòmátì àti àlùbọ́sà lọ sí Mile 12 ń gba ẹ̀yìn ilé mi kọjá. Bí wọ́n bá ti ń kọjá, ògiri á gbọ̀n, ìyẹ̀fun á sì jábọ́ sísàlẹ̀ gíláàsì. Láràárọ̀ ni mo ń lọ wò ó kí n tó bọ́jú. Ilà kan yọ. Lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ kan, ó di méjì. Mi ò jẹ́ kí wọ́n tan jẹnẹrétọ̀ mọ́, nítorí òun náà ń mi ògiri, inú ooru ni mo ń jókòó. Ẹ̀rù ìyá mi ń bà mí, tọmọ mi sì ju bẹ́ẹ̀ lọ.

Lọ́jọ́ Sọ́ńdè tó kọjá, Káyọ̀dé wá láti Magodo bó ṣe máa ń wá. Ó dúró níwájú àwòrán. "Màámi, kí ló wà lẹ́rẹ̀kẹ́ Màmá yìí?"

"Eruku ni."

Ó yọ áńkáṣíìfù, ó nu gíláàsì. Ó tún un nù. "Inú ló wà," ló wí. Ó wò mí, ó wá jókòó jẹun.

Bísọ́lá ti ra oògùn mìíràn. Ó ní bí mo bá fẹ́, òun á tún àwòrán náà yà sórí bébà tuntun láìsí ilà, á sì mú títí láé. Títí láé yẹn ló wá bà mí lẹ́rù jù.

Bísọ́lá, ìwọ ni mò ń bá wí. Lọ́jọ́ Sọ́ńdè, tètè dé ṣáájú bàbá rẹ. Tú gíláàsì náà. Má fín oògùn sí i, má sì kun nǹkan kan. Dojú bébà náà délẹ̀, kí o máa fi ìka lù ú lẹ́yìn títí gbogbo ohun tí mo ní kí o lé sórí rẹ̀ yóò fi bọ́. Lẹ́yìn náà, gbé ìyá mi kọ́ padà sáàyè rẹ̀, kí o sì gbé àga mi sábẹ́ rẹ̀. Ibẹ̀ ni kí Káyọ̀dé bá mi.