Géèjì Tó Gba Ọkọ̀ Lọ́wọ́ Mi

Lékè, fi sípánà yẹn sílẹ̀, mo ní fi sílẹ̀, kó o gbọ́ mi dáadáa, torí ìwọ lo fọwọ́ ara ẹ lu ihò sára dáṣíbọ́ọ̀dù Lándírófà yìí, ìwọ lo ki ọ̀pá rọ́bà tín-ínrín yẹn bọ ara ẹ́ńjìnnì, ìwọ lo gbé wàhálà kalẹ̀ síwájú mi, o wá ń rẹ́rìn-ín! Ta ló bẹ̀ ọ́ níṣẹ́? Bàbá Alàgbà ló bẹ̀ ọ́, mo mọ̀, òun ló ni ọkọ̀, èmi dírẹ́bà ni mo kàn ń wà á. Ṣé tí Bàbá bá ní kó o gbé ààrò sórí bọ́nẹ́ẹ̀tì, wàá gbé e síbẹ̀?

Mi ò ní kí ọmọ má ra nǹkan fún bàbá ẹ̀ o. Olúbáyọ̀ ọmọ ẹ̀ wá láti Ìbàdàn, ó gbé géèjì wá, ó ní bí ẹ́ńjìnnì ṣe ń fa atẹ́gùn sínú ló máa ń fi hàn, pé tí abẹ́rẹ́ bá wà lójú àwọ̀ ewé, ara ọkọ̀ le, tó bá wálẹ̀ sójú pupa, a ti ń fi epo ṣòfò nìyẹn. Ó sọ bẹ́ẹ̀ tán, ó bá tiẹ̀ lọ, èmi ló wá fi sílẹ̀ fún bàbá ẹ̀. Ẹni tí kò di sítíárìn mú rí láyé! Ó ti wọ́n omi àdúrà sí géèjì lójú, ó wá jókòó tì mí, kò wo ọ̀nà mọ́, wọ́n kí i ní Aládé kò dáhùn, ojú abẹ́rẹ́ ló ń wò. Abẹ́rẹ́ gòkè, "Halelúyà!" Abẹ́rẹ́ wálẹ̀, "Àjàgbé, ẹsẹ̀ ẹ!"

Lékè, ìlú wo là ń gbé? Ṣé Ìdànrè kọ́ nìyí? Ibo ni ilẹ̀ ti tẹ́jú níbí tí èèyàn á fi wakọ̀ láìtẹ tọ́tù kí epo lè wọ ẹ́ńjìnnì? Ìwọ náà mọ̀ pé téèyàn bá ti tẹ tọ́tù, àfi kí abẹ́rẹ́ yẹn wálẹ̀, téèyàn bá sì tẹ̀ ẹ́ kanlẹ̀, á lọ sùn sídìí òdo. Bí wọ́n ṣe ṣe é nìyẹn! Ọkọ̀ ò ṣàìsàn, èmi náà ò sì ṣẹ̀. Ìgbà tí ọkọ̀ bá dúró sójú kan, tí ẹ́ńjìnnì ń kùn jẹ́jẹ́, ìgbà yẹn nìkan labẹ́rẹ́ máa ń wà níbi tí Bàbá fẹ́. Ọkọ̀ tí kì í lọ síbì kankan ni Bàbá fẹ́ kí n máa wà!

Gbọ́ tàná. A kó kòkó lábà, àpò kún ọkọ̀ dé òkè, àwọn lébìrà jókòó lé e. A dé òkè tó wà láàárín abà àti Aládé, ibi tí àpáta ti yọ sójú ọ̀nà. Mo wọ jíà kìíní, táyà mẹ́rẹ̀ẹ̀rin ń fà, mo tẹ̀ ẹ́, ó ń gùn, a ti dé àárín òkè, ni Bàbá bá fọ̀pá ìtilẹ̀ lù mí lórúnkún, gbà! "Gbé ẹsẹ̀ kúrò, ó ti pọ́n, ó ti pọ́n!" Ẹsẹ̀ mi yẹ̀, ẹ́ńjìnnì kú, la bá ń fẹ̀yìn rìn wálẹ̀. Bíréèkì wo ló máa mú ẹrù yẹn? Igi kòkó ló gbà wá. Igi kòkó, Lékè! Àpò fọ́n ká sínú ẹrẹ̀, àwọn lébìrà ti bẹ́ sílẹ̀, ọpẹ́lọpẹ́ Ọlọ́run. Bàbá bọ́ sílẹ̀, ó gbọn aṣọ ẹ̀, ó sì sọ níṣojú gbogbo wọn pé Àjàgbé ò mọ ọkọ̀ wà, pé abẹ́rẹ́ kìlọ̀ fún mi, agídí ni mo ṣe. Èmi! Èmi tí mo ti ń wa Lándírófà yìí kí ìjọba tó ní ká bọ́ sápá ọ̀tún títì! Ó dùn mí, mi ò purọ́ fún ọ, ó dùn mí wọra. Mo kúrò ní Ògbómọ̀ṣọ́ wá ṣiṣẹ́ níbí, abẹ́rẹ́ ló wá di ọ̀gá mi.

Ṣùgbọ́n tìyẹn kọ́ ló gbé mi wá. Ìbílọlá ìyàwó mi ṣì wà lábà, oyún ẹ̀ ti wọ oṣù, nọ́ọ̀sì sì ti kìlọ̀ pé kò gbọ́dọ̀ bímọ síbẹ̀, torí ẹ̀jẹ̀ tó dà lára ẹ̀ nígbà tó bí èyí tó ṣáájú, díẹ̀ ló kù kó bá a lọ. Ọ̀la ni mo fẹ́ gbé e wá sí matánítì ní Odode. Òkè yẹn kan náà! Bàbá ní òun á bá wa lọ, òun á máa gbàdúrà lọ́nà. Àmín, mo fẹ́ àdúrà, ọ̀pá yẹn ńkọ́? Kí ìrọbí mú aya mi lórí àpáta, kí ọkọ̀ máa fẹ̀yìn rìn, nítorí abẹ́rẹ́ tí kò tó ìka ọmọ tuntun? Ẹ̀rù ń bà mí, Lékè. Mi ò sùn. Mo bẹ Bàbá pé ká yọ géèjì, ó ní kóun tó yọ ọ́, òun á yọ èmi.

Nítorí náà, yọ ọ́ lónìí, ní ó ti bàjẹ́, ní olè jí i...

Kí lo wí? Bàbá ti wá síbí láàárọ̀? Ó ní kó o gbé e kúrò lọ́dọ̀ mi, kó o gbé e síwájú òun gan-an, kóun lè máa rí i dáadáa? Yéè! Ẹ gbà mí! Ìwọ náà sì gbà! O tiẹ̀ ti yọ ọ́, gíláàsì ẹ̀ tó fọ́ lánàá lo fẹ́ pààrọ̀? Gbé e wá kí n rí i.

Dúró ná. Lékè, dúró ná. Ojú ẹ̀ ṣí sílẹ̀ báyìí. Ọ̀dà pupa wà níbí? Èyí tó láwọ̀ ewé ńkọ́? Má wò mí bẹ́ẹ̀, orí mi pé. Kun ìsàlẹ̀ níbi òdo yìí láwọ̀ ewé, kó o kun òkè ní pupa. Tí Bàbá bá bi ọ́, ní bó ṣe máa ń rí nìyẹn tó bá ti wà níwájú èrò. Irọ́ ni, mo mọ̀, kí Ọlọ́run bi èmi.

Jẹ́ kó mú ọ̀pá ẹ̀ dání, jẹ́ kó tẹjú mọ́ ọn. Ká ṣáà dé ìdí òkè yẹn lọ́la, kí n rọra máa tẹ tọ́tù, kí abẹ́rẹ́ ṣì wà lókè lójú pupa, wàá gbóhùn Bàbá láti ibi tó o wà yìí, hà-hà-hà! "Àjàgbé, ó ń pọ́n! Tẹ̀ ẹ́ kanlẹ̀! Tẹ̀ ẹ́ kanlẹ̀, ọmọ mi!"