Fọ́tò Inú Kàlẹ́ńdà

Mo ń dúró gba káàdì ìgbéyàwó àbúrò mi ní ṣọ́ọ̀bù atẹ̀wé kan ní Bajulaiye, nígbà tí ìyàwó atẹ̀wé náà wọlé, tí kò kí ẹnikẹ́ni.

"Bàbá Kẹ́mi, ilé-ìwé ọmọ yín ni mo ti ń bọ̀. Mo ní kí wọ́n fi lábù tí wọ́n ti ń kọ́ sáyẹ́ǹsì hàn mí. Yàrá tí wọ́n ń kó àga tó ti kán sí ni wọ́n mú mi lọ."

"Ìwọ náà lo ní ká kó ilé lọ sí Ladi-Lak, kí Kẹ́mi lè máa lọ sí ilé-ìwé yẹn."

"Nítorí fọ́tò lábù tó wà nínú kàlẹ́ńdà wọn ni. Ẹ̀yin lẹ tẹ̀ ẹ́, ẹ̀yin lẹ gbé e kọ́ sí pálọ̀ wa. Ilé-ìwé ìjọba tó wà lẹ́yìn ilé wa àtijọ́ ní Ṣómólú ní lábù gidi, wọn ò kàn tẹ kàlẹ́ńdà ni."

Ọkùnrin náà ò gbójú kúrò lára pépà tó ń gé. "Orí íńtánẹ́ẹ̀tì ni mo ti mú fọ́tò yẹn. Àwọn ló ní kí n wá èyí tó dáa síbẹ̀."

"Ẹ mọ̀. Gbogbo ìgbà tí mo ń fi han Kẹ́mi pé ibẹ̀ ló ti máa bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ nọ́ọ̀sì, ẹ ń jẹun yín lọ, ẹ mọ̀."

"Oníbàárà mi ni wọ́n. Mi ò lè máa tú àṣírí oníbàárà."

Ohùn obìnrin náà wá lọ sílẹ̀.

"Ẹ ò bá kúkú ti ka Kẹ́mi náà kún oníbàárà yín."