Ẹ Ṣílẹ̀kùn fún Ẹgbẹ́ Morẹ́nikẹ́

Ẹ̀yin èèyàn wa tẹ́ ẹ ti Berlin wá, ẹ̀yin tá a jọ ń gbé Hamburg níbí, ẹ kú ọ̀fọ̀. Ẹ kú ara fẹ́ra kù. Ògúnbọ̀dé lorúkọ mi. Èmi ni ẹ̀gbọ́n ìyá Morẹ́nikẹ́ tá à ń sunkún ẹ̀ yìí. Mi ò kàwé púpọ̀, Báyọ̀ alága ìgbìmọ̀ ìsìnkú sì ti bẹ̀ mí pé kí n má pẹ́, kí n má sì pa ẹnikẹ́ni lẹ́rìn-ín. Ti ẹ̀rín yẹn, mo gbà. Inú ń bí mi.

Inú ń bí mi torí ohun tí mo rí lẹ́nu ọ̀nà gbọ̀ngàn yìí nígbà tí mò ń wọlé. Ọ̀dọ́ mọ́kànlá ló dúró sínú òjò. Ọ̀kan fi irun búlúù borí, ọ̀kan wọ ẹ̀wù ogun tí wọ́n fi páálí ṣe, òjò sì ti ń ba páálí jẹ́. Láti Berlin ni wọ́n ti wọkọ̀ ojú irin wá. Báyọ̀ ló dá wọn dúró. Ó ní, "Ẹ lọ pààrọ̀ aṣọ, ibí kì í ṣe ibi eré." Báyọ̀, jókòó. Mi ò tíì dé ibi tó o máa dìde sí.

Ẹ jẹ́ kí n sọ ẹni tí wọ́n jẹ́. Lọ́dọọdún, àwọn tó fẹ́ràn eré àwòrán àwọn ará Japan, èyí tí wọ́n ń pè ní ánímè, máa ń pàdé, wọ́n á múra bí ẹni tí wọ́n fẹ́ràn nínú eré náà. Lurup níbí la bí Morẹ́nikẹ́ sí. Ọmọ ọdún mẹ́rìndínlógún ni nígbà tó ti ń rán irú aṣọ yẹn. Ó ṣe ìyẹ́ méjì tó gbòòrò débi pé àfi kó fẹ̀gbẹ́ wọ bọ́ọ̀sì. Mo ní, "Adìyẹ Lurup, ẹyin mélòó lónìí?" Ó ní, "Onkel, ẹ̀yin náà ń múra bí arúgbó lójoojúmọ́, ta ló bi yín?" Ẹnu ẹ̀ mú. Ó sì wù mí bẹ́ẹ̀.

Olóríkunkun ni. Lọ́dún mẹ́ta sẹ́yìn, nígbà tó ti ń gbé Schöneberg ní Berlin, ó ní dandan ni kí n bá òun lọ. Ó rán ẹ̀wù oṣó arúgbó fún mi, ó fún mi lọ́pàá. Mo ní, "Ṣé o fẹ́ kí pásítọ̀ lé mi ni?" Ó ní, "Irùngbọ̀n yín nìkan ni mo nílò, kí ẹ̀yin kàn máa tẹ̀ lé e." Mo lọ. Ẹ̀yin èèyàn wa, ogójì ọdún ni mo ti ń wọ ọkọ̀ ojú irin U2 láti Billstedt níbí, tí wọ́n ń wò mí látòkèdélẹ̀, ẹnikẹ́ni ò sì gbàṣẹ lọ́wọ́ mi. Níbẹ̀, òfin ni pé wọn kì í ya ẹnikẹ́ni ní fọ́tò láìbéèrè. Ọmọbìnrin kan tí mo lè bí bàbá ẹ̀ wá síwájú mi, ó tẹrí ba, ó ní, "Darf ich?", ṣé òun lè yà mí. Mo kọ́kọ́ wẹ̀yìn, bóyá ẹlòmíì ló ń bá sọ̀rọ̀. Nígbà tí okùn bàtà mi já, àjèjì mẹ́ta ló kúnlẹ̀ tì mí, wọ́n yọ abẹ́rẹ́, wọ́n yọ gọ́ọ̀mù. Mo wo Morẹ́nikẹ́ láàárín wọn. Ó ti gbàgbé pé eegun ń ro òun.

Eegun, bẹ́ẹ̀ ni. Gbogbo wa mọ̀ pé fòní-kú-fọ̀la-dìde ló bá a wáyé. Oṣù mẹ́ta tó fi wà ní Krankenhaus, ní ilé ìwòsàn wọn ní Berlin, ta ló lọ? Èmi lọ lẹ́ẹ̀mẹrin, ojú ń tì mí. Báyọ̀, ìwọ fi àdúrà ránṣẹ́ lórí fóònù. Phoebe, onírun búlúù ìta yẹn, òun ló kọ orúkọ ẹni tó máa jókòó tì í láàárọ̀ àti ẹni tó máa jókòó tì í lọ́sàn-án. Maximilian, onípáálí yẹn, kọ́ irun dídì nítorí ẹ̀. Mo rí irun náà, mo sì sọ fún un pé ó jọ oko tí ewúrẹ́ jẹ. Àmọ́ ó dì í. Ìgbà ìpọ́njú là ń mọ̀rẹ́.

Ẹ wá gbọ́ ohun tó gbé mi dìde. Ọ̀la la máa sin ín. Òbí kì í mọ ojú oórì ọmọ. Adéfọláhàn bàbá ẹ̀ ò ní lọ. Motúnráyọ̀ àbúrò mi ò ní lọ. Àwa àgbà ò gbọdọ̀ gbé pósí ọmọdé. Ìgbìmọ̀ wá ní kí ilé iṣẹ́ ìsìnkú fún wa lọ́kùnrin mẹ́rin tó máa gbé e. Ọkùnrin mẹ́rin tí kò gbọ́ ohùn ẹ̀ rí. Ṣé kò léèyàn ni? Nílé wa, ẹgbẹ́ ló ń sin ẹgbẹ́. Ẹ ní àṣà lẹ̀ ń tọ́jú, ẹ sì ti àṣà mọ́ta sínú òjò. Àgbà kì í wà lọ́jà kórí ọmọ tuntun wọ́. Àwa wà lọ́jà, orí wọ́.

Báyọ̀ ní aṣọ wọn máa dójú ti ẹbí. Aṣọ ńlá kọ́ lèèyàn ńlá, Báyọ̀, bó tilẹ̀ jẹ́ pé kóòtù ẹ dáa. Ẹ jẹ́ ká bi ẹbí. Motúnráyọ̀, ṣé ojú ń tì ẹ́? Ẹ rí i, ó mirí. Adéfọláhàn, ìwọ ńkọ́? Sọ ọ́ sókè. Ó ní, "Ẹ jẹ́ kí wọ́n wọlé." Ẹ gbọ́ bí? Bàbá ọmọ ló sọ ọ́.

Dúnní, ìwọ lo sún mọ́ ilẹ̀kùn, ṣí i. Ẹ sún, ẹ fún wọn láyè. Tóbi, wá tówẹ̀lì fún onípáálí. Phoebe, ẹ máa bọ̀ níwájú, ẹ má bẹ̀rù. Ti yín ni arúgbó tó ń pariwo yìí ń ṣe. Lọ́la, mẹ́fà nínú yín ló máa gbé e, nínú aṣọ tẹ́ ẹ wọ̀ yìí.

Morẹ́nikẹ́, ìwọ ló yẹ kó o dúró níbí, kó o máa fi mí ṣe yẹ̀yẹ́ lórí pósí mi. O gba iwájú àgbà kọjá, o ò sì tọrọ gáfárà. Mi ò tíì dárí ẹ̀ jì ẹ́. Síbẹ̀, máa lọ. Kí ọ̀nà rọ̀ ẹ́ lẹ́sẹ̀, kí ìrora tí kì í jẹ́ kó o sùn yẹn padà lẹ́yìn ẹ. Bó o bá débi tí wọ́n ti ń bi àlejò, sọ fún wọn pé ọmọ Motúnráyọ̀ ni ẹ́, àwọn ẹgbẹ́ ẹ ló sì gbé ẹ wá. Rọra máa lọ, ọmọ mi.